Àpótí Tó Ń Fún Bàbá Wa Lápá

Kò sí ohun tó ń sú mi tó ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá so aṣọ yẹn mọ́ ọn lápá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ike ní ọjà Owódé. Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ẹ̀rọ bípì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru síta, òun pẹ̀lú ohun kékeré kan tó máa ń há ọmọ ìka bí ìgbà tí pẹ́ẹ̀gì bá há aṣọ lórí okùn. Ẹ wá wo àwọn èèyàn wa. Obìnrin á jókòó, wọ́n á so ó, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mí, ìyẹn á sì kọjú sí mi pé, "Ìyá Oníke, ẹ ò kúkú sọ fún mi pé kúlà yẹn tún ti wọ́n sí i." Èmi á dákẹ́. Á tún ní, "Àbí ẹ ò gbọ́ mi ni?" Ẹ̀rọ á gbé nọ́ńbà tó ń dẹ́rù bani jáde, ọmọ olóògùn á wò mí, èmi náà á wò ó. Ọmọ tí mo bí gan-an, tó kàwé, tó wà ní Ìlọrin, òun ló ra tèmi fún mi kí n máa wọ̀n ọ́n nílé. Ìgbà tí mo bá so ó mọ́ apá tán ló máa ń pè lórí fóònù. "Màmá, ṣé ẹ ti ń wọ̀n ọ́n?" Mo ń wọ̀n ọ́n, o sì ti bà á jẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n ò sì tíì rí ohun tí ìyókù ì bá fi kún ike tí mo ń tà, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n wọn ara rẹ̀, kò sí dókítà tó lè kọ́ mi. Ilé wa ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dún tí wọ́n ń fún gbogbo ilé lápá.

Ilé wa l'Ọ̀fà ò jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, ewúrẹ́ á dìde, àwọn adìẹ á sá wọ abẹ́ àká, Ìyá Àgbà tó bí bàbá wa á sì sọ láti inú yàrá rẹ̀ pé, "Wọ́n ti dé," bí ẹni pé òun ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò sígbà tí ilé yẹn dákẹ́. Odó ń dún lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rọ ata ń dún nílé kejì, rédíò bàbá wa ń ka ìròyìn fún ẹni tí kò tẹ́tí sí i, ọmọ kan sì gbọ́dọ̀ máa ké níbì kan nítorí ẹnì kan ti gba ẹran ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni kí n gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n pọn omi kún àmù, kí n sì kó èèpo iṣu fún àwọn ewúrẹ́. Èèpo iṣu yẹn pọ̀, nítorí iṣu ni bàbá wa ń tà. Òjokú ló ti ń rà á lọ́jọ́ ọjà wọn, tí á fi ọkọ̀ kó o wálé. A jẹ iṣu sísè láàárọ̀, a jẹ ẹ́ ní sísun lọ́sàn-án, a gún un lálẹ́, èyí tó bá sì fẹ́ bàjẹ́ a sọ ọ́ di èlùbọ́ ká má bàa fojú kan nǹkan mìíràn. Bí iṣu bá ṣeé mu bí omi, à bá ti mu ún. Bàbá wa ò sì ní jẹ ẹ́ láìsí iyọ̀. Á bu iyọ̀ sínú epo, á tún wọ́n iyọ̀ lé iṣu lórí, á wá tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, "Ta ló se èyí? Ṣé iyọ̀ tán nílùú ni?" Ìyá Àgbà á gbè é lẹ́sẹ̀ pé ẹnu tí kò bá rí iyọ̀ kì í lè sọ òtítọ́. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà, n ò tíì rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá wa máa ń jókòó sí tí kò bá lọ sọ́jà, lórí àga kan tó kọjú sí òpópónà. Bí ẹ bá mọ Ọ̀fà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tí yóò kọjá tí kò ní kí i. Kì í sì í ṣe ìkíni tí èèyàn fi "ẹ ǹ lẹ́" lásán dáhùn. Wọ́n á ní ẹ kú ìjókòó, á ní ẹ kú ìrìn. Wọ́n á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ. Wọ́n á béèrè iṣu, òun náà á béèrè orúnkún tó ń dùn wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á ní ó ti sàn, á ní báwo ló ṣe sàn, wọ́n á sì dúró láti ṣàlàyé rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe tán, ẹlòmíràn ti dé ẹ̀yìn wọn. Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo gbé nílé yẹn, n ò rí i kí bàbá wa jẹ́ kí ìkíni ẹnì kan bọ́ sílẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹni tí kò bá jẹ́ ìkíni, ó ti sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n wá síbi òkú òun.

Ọ̀rọ̀ òkú yìí gan-an ló wà nídìí ìtàn mi. Bàbá wa ní ẹ̀gbọ́n kan, Bàbá Jímọ̀, tí a jọ ń gbé. Ọkùnrin gìrìpá ni, kò dùbúlẹ̀ àìsàn rí. Ó jẹun tán lọ́jọ́ kan, ó ní orí ń fọ́ òun, ó dìde láti wá omi, ó sì ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti tán. Kí wọ́n tó sin ín tán, àǹtí bàbá wa, ìyẹn Alhaja Sùwé, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lójú gbogbo ilé: "Oúnjẹ ta ló jẹ kẹ́yìn?" Gbogbo èèyàn ló mọ oúnjẹ ẹni tó jẹ. Ìyàwó ẹni ló ń se oúnjẹ ẹni. Alhaja wá fi òwe tì í pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ìyá Jímọ̀ ti bá ọkọ rẹ̀ jà ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, lórí orùlé tó ń jò. Ìyẹn ni igbe àjẹ́. Wọn ò lù ú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọn ò bú u. Wọ́n kàn dẹ́kun jíjẹ oúnjẹ rẹ̀. Á se ọbẹ̀, ọbẹ̀ á wà níbẹ̀ títí tí á fi kan. Ó pé bí oṣù mélòó kan, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ l'Ójokú. Kò sí ẹni tó gbé ẹrù náà fún un dé gáréèjì.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu òkèlè àkọ́kọ́ nínú oúnjẹ bàbá mi. Á gbé e kalẹ̀ ní gbangba, á bù ú, á fi run ọbẹ̀, á jẹ ẹ́ níṣojú Alhaja, á gbé e mì, á wá ní, "Bàbá Rámá, ẹ máa bọ̀ wá jẹun." Èmi ni Rámá. Mo rò nígbà náà pé ebi ló ń pa á. Ọmọdé ò mọ nǹkan. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bàbá mi àti Bàbá Jímọ̀ jọra bí iṣu inú ebè kan: ọrùn kan náà, ikùn kan náà, iyọ̀ kan náà. Orí sì ti ń fọ́ bàbá mi náà nígbà míì. Bí ó bá ṣubú, kò ní sí ẹni tí yóò béèrè ju ìbéèrè kan yẹn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí àwọn awọnra dé. Báyìí ni ilé wa ṣe sọ wọ́n lórúkọ. Láti Ìlọrin ni wọ́n ti wá, wọ́n ń ṣe ìwádìí láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru lára àwọn ará ìlú, wọ́n sì mú Nọ́ọ̀sì Dọ́kàsì mọ́ra, ọmọ tíṣà àwọn ìjọ Áńgílíkà tó ń gbé òpópónà kejì sí wa, kí àwọn èèyàn má bàa sá. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ má fòyà o. A ò ní gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. A ò ní gba ẹ̀jẹ̀ rárá." Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá. Ojú gbogbo ilé rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn kan ti wẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́.

Ìyá Àgbà ní, "Kí wá lẹ wá ṣe?"

"A fẹ́ wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú yín, Ìyá."

"Inú ni ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ ò sì ní là á?"

Nọ́ọ̀sì rò pé òun ti rí ibi tí òun máa gbà mú un. Ó ní, "Ìyá, iṣu tí Bàbá ń rà l'Ójokú, ṣé wọ́n máa ń là á wò kí wọ́n tó rà á? Ṣebí wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n á gbá a wò, wọ́n á sì mọ̀ bí inú rẹ̀ bá ti jẹrà?"

"Iṣu kì í purọ́, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Èèyàn ló ń purọ́."

Wọ́n tún ṣàṣìṣe kan, wọ́n yọ téèpù jáde láti fi wọn gígùn àwọn èèyàn. Bàbá wa gba téèpù náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú sùúrù, ó ká a, ó dá a padà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ sàréè fún ni wọ́n ń wọn gígùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tọrọ àforíjì, wọ́n fi téèpù sílẹ̀, wọ́n gbé àpótí aláwọ̀ eérú kan jáde. Nígbà tí wọ́n ṣí i, a rí ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ìdérí rẹ̀, tí omi kan tó ń dán bí fàdákà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á di aṣọ kan tó ní rọ́bà nínú mọ́ èèyàn lápá, wọ́n á fẹ́ ẹ títí tí á fi le, omi tó ń dán yẹn á máa gun ìgò lọ, Nọ́ọ̀sì á ki rọ́bà bọ etí, á gbé ìkángun rẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́, á máa gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá, omi á sì máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́, kò dun èèyàn ju kí ọ̀rẹ́ di apá ẹni mú lọ. Èyí ni kò jẹ́ kí ilé wa gbà á gbọ́. Ní ti ilé wa, abẹ́rẹ́ tí kò bá mú èèyàn tiro, omi lásán ni wọ́n fà sínú rẹ̀.

Ó kan bàbá wa. Níbo ló jókòó sí? Àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí òun tó so ó, kó má sọ̀rọ̀ rárá nígbà tí òun bá ń wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, èyí tí wọ́n bá rí nígbà náà kì í ṣe òótọ́ ara. Bàbá wa ní ó ti yé òun. Wọ́n so ó. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Oníkẹ̀kẹ́ kan ń kọjá, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá." Bàbá wa ní, "Ẹ kú ìrìn, Làmídì. Ara ìyá yín ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì tú afẹ́fẹ́ jáde. Wọ́n tún so ó. Ìyá kan tó ru igi ní, "Ẹ mà kú iṣẹ́." Bàbá wa ní iṣẹ́ kọ́, pé wọ́n kàn ń fún òun lápá ni. Ìyẹn sọ igi kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì fi máa rí nǹkan kà, omi yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun òkè ìgò tán, ó sì ní, "Bàbá, ó ga gan-an. Àmọ́ n ò lè gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ ń sọ̀rọ̀. Màá padà wá."

Èyí tí bàbá wa gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó ga. Ó béèrè ti àwọn yòókù nílé, wọ́n ní ti gbogbo wọn kéré sí tiẹ̀. Áà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọkùnrin yìí sì ti dá gbogbo ilé. Títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ẹ̀jẹ̀ òun lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ìgò àwọn ará Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jó irin ládùúgbò gbọ́, ó sì wá ní ọjọ́ tí àwọn awọnra tún dé. Ó ti sáré yí ilé po kó tó jókòó, kí tiẹ̀ lè ju ti bàbá wa. Nọ́ọ̀sì Dọ́kàsì wò ó bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó pa àpótí rẹ̀ dé, ó ní òun ń lọ mu omi. Mo rí i lẹ́yìn ilé níbi tó fi orí ti ògiri. Mo rò pé ó ń gbàdúrà. Nísinsìnyí tí mo ti ta ọjà fún àwọn èèyàn yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo mọ ohun tó ń ṣe.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bá Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ilé níbẹ̀, ó ní, "Tí ó bá dákẹ́, tí ó ṣì ga, kí ló túmọ̀ sí?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó túmọ̀ sí pé ó lè ṣubú nígbàkigbà, Ìyá Rámá. Oògùn sì wà tí ó lè mú un wálẹ̀. Bóyá irú rẹ̀ náà ló ṣe ẹ̀gbọ́n wọn, ta ló mọ̀. Wọn ò wọn ìyẹn."

Ìyá mi tún béèrè. Ó ní, "Kò sí ohun tó máa ń dun èèyàn ṣáájú?"

"Nígbà míì, kò sí rárá."

"Kò sí ọwọ́ ẹnì kan níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó lóye rẹ̀. Ọmọ àdúgbò ni. Ó ní, "Kò sí ọwọ́ ẹnì kankan níbẹ̀."

Bí ìyá mi ṣe mú ọ̀rọ̀ náà lọ́rùn nìyẹn. Ó fẹ́ kí bàbá mi dákẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ ò mọ ohun tó sọ yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ yàrá. Àwọn tó ń kọjá rí àga lásán, ojú òpópónà dàrú, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti béèrè ohun tó ṣe é, Alhaja sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pé, "Ìyàwó, kí lo fi ọkùnrin pamọ́ sí?" Wọ́n gbé e padà. Ìyá mi ní kí èmi máa jókòó lójú ọ̀nà kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má kí bàbá mi. Ọmọdé ni kó sọ fún àgbà pé kó má kíni. Etí mi ò tíì gbàgbé ìfọ́tí tí mo gbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá bẹ bàbá mi pé kó kàn mi orí. Ó gbìyànjú rẹ̀, Ọlọ́run á fi jì í, ó di eyín pọ̀, ó sì ń mi orí bí alángbá. Bàbá Mùdá tí wọ́n jọ ń ra iṣu l'Ójokú ló wá kọjá. Ó kí i, ó rí i pé wọ́n mi orí sí òun. Ó dúró. Ó ní, "Èmi? Èmi lo ń mi orí sí?" Ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi fò dìde pẹ̀lú aṣọ yẹn lápá, ó sá tẹ̀ lé e lọ dé ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, pẹ̀lú rọ́bà tó ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó tó lè bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní tó bá jẹ́ òun làwọn ará Ìlọrin bi, òun máa ní kí wọ́n yọ ilé wa kúrò nínú ìwádìí náà.

Ìyá mi ló rí ọ̀nà rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ló wà lójúmọ́ tí kò sí ẹni tó ń kí bàbá mi, tí kò sì sí ẹni tó ń bínú pé kò jẹ́ òun. Ìyẹn ni ìgbà tó bá wà lórí ẹní ìkírun. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, á jókòó, á máa fa tẹ̀sùbáà, ojú rẹ̀ á tutù, ẹni tó bá ń kọjá á rí i, á sì rọra gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wa ti ń wo nǹkan yìí lójoojúmọ́, kò sì wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Obìnrin máa fọwọ́ kàn mí. Àlùwàlá mi ńkọ́?"

"Ẹ ti kírun tán nígbà náà," ni ìyá mi wí. "Omi sì kún àmù. Ẹ ó tún un ṣe."

"Lórí ẹní?"

"Ẹní ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gbà, nítorí ó rẹ̀ ẹ́ láti máa jiyàn, àti pé ó ṣì fẹ́ fi han aládùúgbò wa tó ń jó irin pé nọ́ńbà òun ò tíì wálẹ̀. Ìyá mi ò wá tẹ́ ẹní náà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àárín àgbàlá ló tẹ́ ẹ sí, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ó tún ránṣẹ́ pe Alhaja, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n bá òun wo ohun kan. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, tó sì fẹ́ gbé àpótí lélẹ̀, ìyá mi ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé àpótí yìí sórí ẹsẹ̀. Ilẹ̀ yìí ò tẹ́jú." Ilẹ̀ yẹn tẹ́jú. Èmi ni mo gbá a.

Alhaja jókòó, wọ́n gbé àpótí lé e lórí itan, ìgò wà níwájú ojú rẹ̀ gan-an. Bàbá mi kírun tán, ó mú tẹ̀sùbáà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sí etí ẹní, ọmọ Áńgílíkà, ó sì dúró títí tí èémí bàbá mi fi rọlẹ̀. Ó so apá òsì. Ẹni kan kọjá lójú ọ̀nà, ó rí i, ó dín ìrìn rẹ̀ kù, ó sì kọjá láìsọ nǹkan. Odó dákẹ́, nítorí ẹni tó ń gún nǹkan ti wá wòran. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí ilé wa ṣe rí láìsí ohùn nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà tó ń kan ara wọn. Mo gbọ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Omi tó ń dán yẹn gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì di ojú bí ó ṣe ń gbọ́. Mo rí i lójú Alhaja pé ó rí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ mú kí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lókè pátápátá níbẹ̀, kò tíì sún mọ́ àárín.

Nọ́ọ̀sì yọ rọ́bà létí. Ó súnmọ́ etí bàbá mi láti bá a sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Sọ ọ́ sókè," ni ìyá mi wí.

"Ìyá Rámá, àṣírí aláìsàn ni. Wọn ò gbà wá láyè."

"Àṣírí yẹn ló lé Ìyá Jímọ̀ kúrò nílé yìí. Sọ ọ́ sókè."

Nọ́ọ̀sì wo bàbá mi. Bàbá mi, tó rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fún òun, ní, "Sọ ọ́, jẹ́ kí wọ́n gbọ́." Nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ó ní bàbá mi dákẹ́, ó jókòó jẹ́ẹ́, kò sí ìkíni níbẹ̀, ó sì ga jù. Kì í ṣe agbára. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ti ara báyìí lè já nǹkan nínú orí, kí èèyàn ṣubú lójijì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Alhaja ṣì di àpótí náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ lé lọ́wọ́ tí kò mọ ẹni tó bí i. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí ní òun ò ní là á. Kò là á, ó sì rí i."

Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ ò mọ bàbá mi. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni. Ó ní títí di ìgbà wo? Wọ́n ní títí lọ. Ó ní ṣé ẹ̀wọ̀n ni. Ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lórí ẹní, ó ti wálẹ̀, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ fún odindi ọjọ́ kan pé agbára òun ti lọ. Lẹ́yìn náà ló di pé tí ìyá mi bá wà nítòsí, á lò ó. Tó bá lọ s'Ójokú, á fi í sílẹ̀, á ní ara òun dá, ta ló ń lo oògùn fún ara tó dá? Títí dòní ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn oníbàárà mi. Ẹ̀rọ á sọ fún wọn pé ó ga, wọ́n á ní kò dun àwọn, wọ́n á sì ra kúlà lọ sílé. Àwa tí à ń fi àtàǹpàkò mọ iṣu tó ti jẹrà.

L'Ójokú náà ni bàbá mi ṣubú sí, nídìí iṣu, bó ṣe ń ṣe kátàkárà pẹ̀lú ẹnì kan. Bàbá Mùdá ló gbé e sínú ọkọ̀, òun ló gbé e dé ilé ìwòsàn nílùú wa. Kò kú. Ẹnu rẹ̀ wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ títí ayé rẹ̀, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn náà tó fi rí àwọn ọmọ mi. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó mọ̀. A wà níta yàrá tí wọ́n gbé e sí, èmi, Ìyá Àgbà àti ìyá mi, lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan. Ìyá mi ò jókòó. Ó dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ń wo ẹnu géètì. A rí Alhaja tó ń bọ̀. Ó ń sáré, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká. Gbogbo wa la mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú.

Alhaja dúró níwájú ìyá mi. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ṣé ó lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀?"

Mo rò pé ìyá mi ò gbọ́.

"Mo ní ṣé ó lo oògùn. Mo rí omi yẹn, èmi ni mo di àpótí mú, mo rí ibi tó dé. Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀. Báwo lo ṣe jẹ́ kó jáde nílé láìlo oògùn? Ìwọ lo fà á."

Ìyá Àgbà ní, "Sùwé, dákẹ́. Ibí kọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, Ìyá," ni ìyá mi wí. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì na ọwọ́ sí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí Alhaja jókòó síbẹ̀. "Ẹ jókòó, Alhaja. Ẹ̀sùn tí ẹ fi kàn mí yìí, mo lè dáhùn rẹ̀."

Ó sì dáhùn rẹ̀. Ó ní òun di oògùn náà sínú ọ̀rá, òun fi sápò bùbá bàbá mi, ó yọ ọ́ kúrò, ó kó obì sí i. Alhaja ní kí ló dé tí kò dì í mọ́ obì. Ìyá mi ní òun ti dì í mọ́ obì rí, ó jẹ obì, ó sọ oògùn nù. Alhaja ní kó bù ú sínú ọbẹ̀. Ìyá mi béèrè pé ṣé Alhaja fẹ́ kí òun máa bu nǹkan sínú ọbẹ̀ ọkọ òun ni. Ìyẹn ní rárá, ó tún mú nǹkan mìíràn sọ. Wọ́n jà títí tí ẹni tó ń ṣọ́ yàrá fi jáde pé tí wọn ò bá dákẹ́, òun á lé wọn síta. Wọ́n jáde síta, wọ́n sì ń bá a lọ lábẹ́ igi. Èmi ò rí i kí ìyá mi gbádùn ìjà tó bẹ́ẹ̀ rí.